Ọsàn Mímu: Ìtàn Omi Èso láti Oko Agége dé Ilé Ìdáná Ọ̀pẹbí

  Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, ọ̀rọ̀ irúgbìn tàbí ọ̀rọ̀ kòkòrò tí ń ba ọ̀gbìn jẹ́ ni a máa ń gbé wá fún yín lórí ètò yìí. Ọ̀rọ̀ tòní yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohun mímu ni, ṣùgbọ́n oko ni ó ti bẹ̀rẹ̀, oko náà ni yóò sì parí sí.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ọ̀pẹbí, ní Ìkẹjà, ìyá kan dìde, ó ní, "Ọ̀gá àgíríìkì, àwọn ọmọ wa ń ra èso lílọ̀ tí wọ́n ń pè ní smoothie létí títì, owó rẹ̀ kò sì kéré mọ́. Ẹ kọ́ wa bí a ó ṣe máa ṣe é nílé, kí ó sì dára ju èyí tí wọ́n ń tà lọ." Kí n tó la ẹnu, bàbá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dáhùn pé, "Ìyá, ṣé ìyẹn náà wá di ọ̀rọ̀ àgíríìkì? Ọ̀rọ̀ fàájì ni." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé mo ro ọ̀rọ̀ bàbá náà títí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí: láti nǹkan bí 140 ọdún sẹ́yìn, ní agbègbè Agége àti Ìkẹjà wa yìí, ẹni tó gbin nǹkan kọ́ ni ó ń jèrè rẹ̀ jù. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ohun mìíràn kí ó tó bàjẹ́ ni èrè ń bá lọ. Bùlẹ́ńdà kékeré tó wà nínú ilé ìdáná yín, ẹ̀rọ ni. Ibi tí ìyípadà ti lè bẹ̀rẹ̀ ni.

ÈDÈ WA TI SỌ Ọ́ TẸ́LẸ̀

Ẹ ṣàkíyèsí èdè wa. Yorùbá kì í sọ pé òun jẹ ọsàn. Mímu ni a ń mu ún. Ọsàn mímu ni a ń pe èyí tó dùn, kí a lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọsàn wẹ́wẹ́ tí ń kan. Àgbálùmọ̀ pẹ̀lú, mímu ni. Nítorí náà, pé kí ènìyàn mu èso kì í ṣe àṣà tuntun tí a kọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èso tí a ń mu ni ó hù láti ilẹ̀ wa. Àgbálùmọ̀ jẹ́ tiwa, igbó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ó ti wá. Ọ̀pẹ òyìnbó, ìbẹ́pẹ àti gúáfà ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn ni ó gbé wọn dé etíkun wa. Máńgòrò ti ọ̀nà Íńdíà wá. Ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti Éṣíà wá. Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ̀pẹ òyìnbó fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé àlejò ni. Wọ́n gbà á, wọ́n gbìn ín, ó sì di tiwa.

Bí a ti ń ká èso náà ni a ń mu ún, nínú oko, lábẹ́ igi, tàbí ní ọjà. Kò sí ẹni tó ń fún omi ọsàn pamọ́ sínú agbè. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹmu mọ̀ pé ẹmu òwúrọ̀ dùn, ti ìrọ̀lẹ́ ti ń ta, ti ọjọ́ kejì sì ti kan. Bákan náà ni omi èso rí. Ṣúgà wà nínú rẹ̀, kòkòrò tí ojú kò rí sì ń jẹ ṣúgà náà. Ohun tó fara mọ́ kíkan nìkan ni àwọn ìyá wa ń pa mọ́, bí ògì àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Èso tí kò bá rí ẹni mu ún láàárín ọjọ́ mélòó kan, ilẹ̀ ni ó ń bọ́ sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ìṣòro yìí gan-an ni ó ń bá wa jà títí di òní.

AGÉGE, OKO KÒKÓ ÀTI OKO OBÌ

Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Agége, búrẹ́dì àti ariwo ọkọ̀ ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n oko ni Agége. Ní nǹkan bí ọdún 1880, oníṣòwò ńlá kan, James Pinson Labulo Davies, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró, dá oko kòkó sílẹ̀ ní Ìjàn, lẹ́bàá Agége. Ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó gbin kòkó ní oko ńlá ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà báyìí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jacob Kehinde Coker, tó ní oko ní Ìfakọ̀. Ní ọdún 1907, òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn àgbẹ̀ Agége ti mọ̀ pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Àwọn alágbàṣe tó wá ṣiṣẹ́ nínú oko wọn láti òkè wá ń mú irúgbìn kòkó padà lọ sílé, iṣẹ́ náà sì tàn kálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Rélùwéè tún ṣe ìrànlọ́wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ó gba Ìkẹjà àti Agége kọjá. Nígbà tí kòkó Agége kò fi bẹ́ẹ̀ mú owó wọlé mọ́, àwọn àgbẹ̀ yíjú sí obì gbànja. Àwọn oníṣòwò Hausa ń wá rà á, wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí òkè Ọya. Nítorí obì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi tẹ̀dó sí Agége.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ni ó jẹ́ kí obì àti kòkó pé àgbẹ̀ Agége tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n lè rìn jìnnà. Kòkó tí a sá kì í tètè bàjẹ́. Obì tí a fi ewé wé dáadáa ń pẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kòkó náà, ní ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di ṣokoléètì. Èrò náà gùn lọ, owó ńlá sì wà ní ìdí ibi tí ó gùn dé.

ÌKẸJÀ DI ÌLÚ Ẹ̀RỌ

Nígbà yẹn, abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ni Ìkẹjà wà, kò sí lábẹ́ Èkó. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ibi tí oko wà tẹ́lẹ̀ di ibi tí èéfín ń jáde. Guinness kọ́ ilé iṣẹ́ ọtí rẹ̀ sí Ìkẹjà ní 1962. Cadbury kọ́ tirẹ̀ sí Agídíngbì ní 1965. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, Ìkẹjà bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó sì di olú ìlú ìpínlẹ̀ náà ní 1976. Ọ̀pẹbí, abúlé àwọn Àwórì, wá di títì tí ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìtajà tò sí.

Ní ti ohun mímu, Nigerian Bottling Company ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta ní 1953. Seven-Up tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1960, ọjọ́ òmìnira gan-an. Àwọn ọmọ Èkó wá mọ ìgò mínírà tó ní àwọ̀ ọsàn tàbí òórùn ọsàn ju omi ọsàn fúnra rẹ̀ lọ. Omi, ṣúgà àti àdíndùn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn kò ní ìpín kan gbòógì níbẹ̀.

Kì í ṣe pé ìjọba kò gbìyànjú. Ní àwọn ọdún 1950 kan náà, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá ilé iṣẹ́ Lafia sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti máa rọ èso àti omi èso sínú agolo. Ọgbọ́n tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lò kò tuntun ní ayé. Louis Pasteur, ọmọ Faransé, ti fi hàn ní àwọn ọdún 1860 pé ooru ń pa kòkòrò tí ń mú ohun mímu kan. Ní 1869, dókítà eyín kan ní Amẹ́ríkà, Thomas Welch, fi ọgbọ́n yìí se omi èso àjàrà sínú ìgò, kò sì di ọtí. Láti ibẹ̀ ni òwò omi èso inú ìgò ti gbilẹ̀. Ẹ rí i pé ohun tí kò jẹ́ kí àwọn ìyá wa fi omi ọsàn pamọ́ ti rí oògùn: iná ni. Ẹni tó ní ìkòkò ńlá, iná àti ìgò tó mọ́ ni ó lè ra èso lọ́pọ̀ nígbà tí ó pọ̀, kí ó sì tà á nígbà tí kò sí.

BÍ BÙLẸ́ŃDÀ ṢE DÉ

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹ̀rọ tí ìyá wa ní Ọ̀pẹbí ń bèèrè nípa rẹ̀. Ní 1922, Stephen Poplawski, ọmọ Póláǹdì tó ń gbé ní ìlú Racine ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tí abẹ rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ife. Pípo wàrà pọ̀ mọ́ èlò mìíràn fún àwọn tí ń ta ohun mímu ni ó ṣe é fún. Ní 1937, Fred Waring, olórí ẹgbẹ́ olórin, gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde lọ́jà, ó sì gbajúmọ̀ kíákíá. Ní 1973, Steve Kuhnau, ẹni tí ara rẹ̀ kò gba wàrà, ṣí ilé ìtajà ní ìpínlẹ̀ Louisiana, níbi tí ó ti ń ta èso tí a lọ̀ pọ̀. Òwò náà tàn ká ayé.

Ní tiwa, ata ni bùlẹ́ńdà bá wá. Ọlọ ni àwọn ìyá wa àgbà ń lò. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìlọta dé ọjà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni bùlẹ́ńdà. Orí pẹpẹ ni ó máa ń wà, tí wọ́n fi aṣọ bò, nítorí pé iná NEPA kì í dúró. Ọjọ́ tí iná bá wà, ata ni a fi ń lọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fẹ́ lọ èso nínú rẹ̀, ìbẹ́pẹ a máa ta lẹ́nu bí ẹni jẹ àtàrodo. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: ẹ ya ife bùlẹ́ńdà ata sọ́tọ̀ kúrò lára ti èso.

ÈSO Ń JẸRÀ, PÁÁLÍ Ń WỌLÉ

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́ níbí. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo gba iṣẹ́, lẹ́yìn tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí dípúlómà, wọ́n rán mi sí abúlé kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Mo gba àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n fi kún oko ọ̀pẹ òyìnbó wọn. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń gbìn ín ní ìlà, bí a ṣe ń fi ajílẹ̀ sí i. Wọ́n gbọ́ràn. Ọ̀pẹ òyìnbó ya bí ẹni pé wọ́n dà á sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan náà. Àwọn oníṣòwò dé, wọ́n wo bí ó ṣe pọ̀ tó, wọ́n sì dá iye tó wù wọ́n lé e. Ohun tí wọn kò rà jẹrà sí ẹ̀bá ọ̀nà. Bàbá kan tó jẹ́ ẹni iyì ní abúlé náà pè mí, kò pariwo, ó kàn ní, "Ọmọ mi, o kọ́ wa bí a ó ṣe gbìn ín. O kò kọ́ wa ohun tí a ó fi ṣe." Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò nínú mi títí di òní.

Kì í ṣe abúlé yẹn nìkan. Àjọ FAO ti ilẹ̀ àgbáyé kọ ọ́ ní 2011 pé nǹkan bí ìlàjì èso àti ẹ̀fọ́ tí a ń kórè ní apá ibi tí a wà ní Áfíríkà ni kì í dé ẹnu ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ẹ lọ sí ọjà èso Ìkòsí ní Kétu, tí kò jìnnà sí Ọ̀pẹbí, ní àkókò ọsàn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ tírélà nígbà tí wọ́n bá já ẹrù tán. Ẹ ó rí ohun tí mo ń sọ.

Ṣùgbọ́n ní ìgboro kan náà, omi èso inú páálí kún orí pẹpẹ ilé ìtajà. Nígbà kan, láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ìjọba wá fi omi èso inú páálí tàbí ìgò tí a ti dì fún títà sínú àwọn ohun tí òfin kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kó wọlé. Èyí ran àwọn ilé iṣẹ́ ilé lọ́wọ́ gan-an. Àmọ́, òfin náà kò de ògidì omi èso tó ki, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi omi là. Nítorí náà, omi èso tí wọ́n dì ní ilẹ̀ wa lè jẹ́ ti ọsàn tí ó so ní ilẹ̀ ẹlòmíràn. Kì í ṣe ẹ̀bi àgbẹ̀ nìkan, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ilé iṣẹ́ nìkan. Ilé iṣẹ́ ń fẹ́ èso tó pọ̀, tó dọ́gba, ní gbogbo oṣù. Àgbẹ̀ tó dá dúró kò lè pèsè rẹ̀.

A mọ̀ pé ó ṣeé yí padà, nítorí pé a ti rí i rí. Ní 1988, ìjọba fòfin de kíkó màlìtì ọkà báálì wọlé. Àwọn ilé iṣẹ́ ọtí, tó fi mọ́ ti Ìkẹjà, kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo ilẹ̀ wa. Ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe di ṣíṣe. Àgbẹ̀ ọlọ́kà rí ọjà tí kò ní tẹ́lẹ̀. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n mú òfin náà kúrò ní 1999, ọkà bàbà kò kúrò nínú iṣẹ́ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkà lè ṣẹlẹ̀ sí ọsàn, bí a bá ti ní ọwọ́ nínú bí a ṣe ń yí i padà.

Ohun mìíràn tún ti yí padà. Òfin ìnáwó ọdún 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn tí kì í ṣe ọtí, nítorí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ àti ìsanrajù. Àwọn ènìyàn ti ń ṣọ́ ṣúgà ara wọn báyìí. Wọ́n ń wá èso tó jẹ́ èso. Ọjà nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Ẹ̀KỌ́ ỌDÚN 2024

Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà ní Èkó, ó sì gba ẹ̀mí. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé ọ̀kan nínú ohun tí àwọn fura sí ni ohun mímu òfio, èyí tí àwọn kan ń pè ní imúmu, tí wọ́n ṣe láìforúkọsílẹ̀. Òfio kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Omi ni, ọwọ́ ni, ìgò tí a kò fọ̀ ni. Ohun mímu tí a ṣe nílé lè jẹ́ oúnjẹ, ó sì lè jẹ́ àrùn. Omi tí a lò àti ọwọ́ tó ṣe é ni ó wà láàárín méjèèjì.

BÍ A ṢE LÈ ṢE É KÍ Ó DÁRA NÍLÉ

Ìyá wa ní Ọ̀pẹbí, ẹ gba ìdáhùn yín. Fún ẹni mẹ́rin, ẹ wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tó pọ́n dáadáa, ìbẹ́pẹ gígé kọ́ọ̀pù méjì, ọ̀pẹ òyìnbó gígé kọ́ọ̀pù kan, ọsàn mímu méjì, ìlàjì ọsàn wẹ́wẹ́, àti àtalẹ̀ tí kò ju orí ìka lọ.

Ẹ fọ èso pẹ̀lú èèpo rẹ̀ kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án, nítorí pé ọ̀bẹ ń gbé ìdọ̀tí èèpo wọ inú. Ẹ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kí ẹ kó o sínú fírísà di ọjọ́ kejì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídì ni yóò mú un ki, tí yóò sì tutù, tí ẹ kò fi ní máa da yìnyín sí i títí tí yóò fi di omi lásán. Bí ẹ bá máa lo omi tàbí yìnyín rárá, omi tí a ti sè ni kí ó jẹ́.

Ẹ bó ọsàn, kí ẹ yọ gbogbo kóró rẹ̀ àti awọ funfun rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń mú un korò. Ẹ má ṣe fún un kí ẹ sì da ẹran rẹ̀ nù. Ẹran èso náà ni ó ń jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ máa wọ ara díẹ̀díẹ̀, òun sì ni ó ń mú inú dẹ̀. Ibí ni èso lílọ̀ ti sàn ju omi inú páálí lọ.

Ohun tó lómi ni kí ẹ kọ́kọ́ kó sínú bùlẹ́ńdà, kí ohun tó rọ̀ tẹ̀ lé e, kí ohun tó dì wá kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni abẹ rẹ̀ kò fi ní máa yí lófìfo, tí ẹ̀rọ yín kò sì ní jó. Ọsàn wẹ́wẹ́ kò ní jẹ́ kí ó dúdú. Ẹ má fi ṣúgà sí i. Bí kò bá dùn, èso yín ni kò tíì pọ́n. Èso tí wọ́n fi kábáìdì pọ́n ní tipátipá kò ní adùn, àjọ NAFDAC sì ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé májèlé ni.

Bí ẹ bá fẹ́ fi wàrà tàbí yógọ̀ọ̀tì sí i, ó dára, ó ń kún agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pẹ òyìnbó tàbí ìbẹ́pẹ tútù bá wà nínú rẹ̀, ẹ mu ún lójú ẹsẹ̀. Èròjà kan wà nínú àwọn méjèèjì tí ń fọ́ wàrà, bí ó bá pẹ́ yóò korò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èso náà ló bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní àkótán, ẹ má jẹ́ kí ó pé wákàtí méjì níta. Nínú fíríìjì, ọjọ́ kan tó fún un. Ife kan lóòjọ́ tó fún àgbàlagbà. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó máa mu ún.

Ọ̀RỌ̀ ẸGBẸ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀, kí ni tiyín nínú èyí? Ẹ má ṣe kó gbogbo èso yín dúró de tírélà. Bí ẹgbẹ́ yín bá lè ní fírísà kan ṣoṣo àti ibi iṣẹ́ tó mọ́, ẹ lè bó ọ̀pẹ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ ní ọ̀sẹ̀ tí owó rẹ̀ bá bọ́ sílẹ̀, kí ẹ gé e, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá mímọ́, kí ẹ sì máa tà á fún àwọn onísmoothie Ọ̀pẹbí àti Allen nígbà tí kò bá sí lọ́jà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, tí ó ti wà láti 1956, tí ó ṣe Soy-Ogi fún àwọn ọmọdé, ń kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ ìpèsè oúnjẹ. NIHORT ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ń rí sí ọ̀rọ̀ irúgbìn èso. Ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ máa dì í sínú ìgò fún títà, ẹ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ rántí ọdún 2024.

Mo padà sí ìpàdé Ọ̀pẹbí náà ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Mo gbé bùlẹ́ńdà mi dání, a sì lọ èso níwájú gbogbo ènìyàn. Bàbá tó ní ọ̀rọ̀ fàájì ni mu ife kan, ó na ife náà fún ẹ̀kejì, ó ní, "Ọ̀gá àgíríìkì, èló ni ọ̀pẹ òyìnbó kan ní oko?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Èló ni wọ́n ń ta ife kan ní títì?" Mo sọ èyí náà. Ó dákẹ́, ó ń ṣírò rẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ìyá náà yíjú sí i, ó ní, "Bàbá, ṣé ó ti wá di ọ̀rọ̀ àgíríìkì báyìí?"

Ìbéèrè tí bàbá yẹn ń ṣírò ni kí ẹ̀yin náà lọ ṣírò ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀. Àwọn àgbẹ̀ Agége dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1907 kí kòkó lè pé wọn. Ó kù sí ọwọ́ wa kí ọsàn lè pé àwa náà.